Ẹni Tó Ń Ya Aṣọ ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Hùsèínì

Jímọ̀, 4 oṣù kẹrin 2025

Mo ra kàyé yìí lónìí láti máa kọ̀wé sí, torí pé ẹnu ń yún mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá dọ̀la.

Mo ti ra Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Hùsèínì. Èmi Kàsìmáwò! Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, tí mo wá ń fi orí ru ẹrù ẹlẹ́rù kiri ọjà Arzèkè. Lónìí, bí o bá ń wá aṣọ tó dáa ní Arzèkè, ìsọ̀ mi ni wọ́n á júwe fún ọ. Ilé yìí, àwọn tó lọ yunifásítì kàn ń wò ó látòkèèrè ni. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Parakou ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn bí ẹni pé ogun ni wọ́n ń retí. Fèrèsé onígi. Pákó òkè ò tíì jẹrà.

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni ò rà á? Ẹ̀rù! Wọ́n ní Bàbá Hùsèínì tó kọ́ ọ ń ya aṣọ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Aṣọ ló ń tà nígbà ayé rẹ̀. Bí Mùsùlùmí kan bá kú ládùúgbò, òun ló máa ń ya aṣọ funfun tí wọ́n á fi wé e — ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ti òkú — kì í sì í gba nǹkan kan. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní kò tíì ṣíwọ́.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yìí ni mo fi rà á ní pọ́ọ́kú.

Eyín Góòlù ló tà á fún mi — Sàrúmì, ọmọ-ọmọ Bàbá náà. Èmi kì í ṣe òpè, mo bi í dáadáa: níbo lẹ sin bàbá yín sí? Torí mo mọ àwa Yorùbá, inú yàrá la máa ń sin àgbà sí, ilé tí bàbá wà kì í sì í ṣe títà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, itẹ́ òkú ni o. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó búra. Eyín yẹn ń dán bó ṣe ń búra.

Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ọjà pé kí Iléyá tó dé, ibẹ̀ la ó máa gbé.

Mo délé, mo sọ fún Kọ̀mísà. (Hàníyyà ìyàwó mi ni. Inú mi nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, mi ò tíì fẹ́ kú.) Iṣu ló ń bó. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Húsnà, ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀."

Sátidé, 5

Kọ̀mísà ní òun ò lọ. Ladjifarani tí à ń gbé yìí lòun bímọ sí, Ladjifarani lòun wà.

Àtàlátà, 8

Mo mú Fáìsàlì mọlémọlé lọ síbẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ló tutù jù nínú ilé, inú rẹ̀ tutù bí inú àmù. Mo ní ibẹ̀ ni kó ṣe wésé sí, èyí funfun tí a ń jókòó lé tí omi ń gbá lọ. Kùtọnu ni mo ti rà á wá. Bí Kọ̀mísà bá rí i, ara rẹ̀ á rọ̀.

Fáìsàlì ń wò sùn-ùn. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ga láàárín, ó dà bíi pé wọ́n mọ nǹkan sí i, ṣé ká má fi sí yàrá kejì? Mo ní èmi àti ìwọ, ta ló ni ilé? Gbá a kó tẹ́jú, kí o tẹ́ kàró ilẹ̀ lé e. Ó gbá a. Ó tẹ́ kàró funfun lé e, ó ń dán.

Jímọ̀, 11

A kírun tán, Mùzàmmílù tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi dúró láàárín ọ̀nà: "Kàsìmáwò, a gbọ́ pé o ti gba ọmọṣẹ́ tuntun! Ó ń ya aṣọ lọ́sàn-án, kì í jẹun, kì í béèrè owó. Jọ̀ọ́, bá mi wá ọ̀kan." Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tún fi lé e pé ọmọṣẹ́ mi tó ti kú já fáfá ju tìẹ tó wà láàyè lọ.

Ó dùn mí ṣá. Bí Kọ̀mísà bá kọ̀ tí èmi nìkan kó lọ, mo di orin. Bí èmi náà ò bá lọ, ó tún burú.

Láàádì, 13

Wésé ti parí. Èmi ni mo kọ́kọ́ lò ó. Mo jókòó bí ọba. Mo tún da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lásán, kí n lè gbọ́ ìró rẹ̀.

Àtìní, 14

Mo gbọ́ ọ.

Ọ̀sán gangan, oòrùn pupa, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Mo wà lókè, mo na ẹsẹ̀ sórí pákó. Ìró náà wá láti ìsàlẹ̀. Fààààà — ó dúró — fàà.

Etí mi kì í tàn mí nídìí aṣọ. Di ojú mi, lọ sẹ́yìn mi, ya aṣọ, màá sọ irú aṣọ tó jẹ́ àti iye ọ̀pá rẹ̀. Mo ti fi gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ gbogbo Arzèkè. Èyí tí mo gbọ́ yìí, pàkálì funfun ni, òwú gidi. Kò gùn. Ibi tó ti dúró yẹn, kókó ló wà nínú òwú níbẹ̀. Ẹni tó ń ya á fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá fi agbára já a.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Kò sí fọ́nrán òwú kan nílẹ̀.

Èèyàn ni. Ẹnìkan fẹ́ kí n sá kó lè gba ilé yìí lọ́wọ́ mi ní pọ́ọ́kú bí mo ṣe gbà á. Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Èmi gan-an lè dá irú rẹ̀.

Àtàlátà, 15

Ó tún ṣe é. Ibi tó dúró sí lánàá náà ló dúró sí.

Àlàmísì, 17

Mo ti mú un! Mo rò pé mo ti mú un ni kí n sọ.

Mo kírun àárọ̀ tán, mo gba ẹ̀yìn wọlé láìdún. Ìyá àgbà kan ni mo bá, ó kéré bí ọmọ ilé ìwé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ìgbálẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo pariwo, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń dẹ́rù bà mí!" Kò tilẹ̀ gbọ̀n. Wésé mi ló ń wò.

Ó ní, "Ta ló ní kí o gbé ibi ìgbẹ́ lé bàbá mi lórí?"

 Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo bi í pé ta ni í ṣe.

Àràmọ́tù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Bàbá Hùsèínì ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ. Ilé ẹ̀yìn odi níbẹ̀ ló ń gbé. Àtìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ sí yàrá yẹn ló ti ń wá gbá ibẹ̀ láràárọ̀. Inú ààwẹ̀ ló lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Sàrúmì ò sọ fún un pé òun ta ilé. Ó dé, ó rí àwọn òṣìṣẹ́, ó rò pé àtúnṣe ni. Òní ló tó ní agbára láti wá gbálẹ̀.

Gíga tí Fáìsàlì sọ. Èmi ni mo ní kó gbá a kó tẹ́jú.

Mo sì ti jókòó lé e. Bí ọba.

Jímọ̀, 18

Mo ń pe Eyín Góòlù látàárọ̀. Pọtábù rẹ̀ kú. Wọ́n ní ó ti gba ọ̀nà bodè Màlànfíìlì lọ.

Ìwé ilé wà lórúkọ mi. Mo lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí n dí ẹ̀yìn pa, ìyá náà ò ní ibi tó máa lọ ké sí. Bí mo bá yọ wésé, Fáìsàlì á béèrè ìdí, ọjà á gbọ́: wọ́n ti rẹ́ Kàsìmáwò jẹ, wọ́n ta sàréè fún un. Èmi tí mo ní kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ láti Parakou dé Kùtọnu!

Mi ò lè jẹun. Kọ̀mísà ní kí ló ṣe mí. Mo ní ooru ni.

Àtìní, 21

Mo lọ kí Ìyá Àràmọ́tù. Mo mú aṣọ bàsín tó dáa dání. Orí ẹní ló wà, ikọ́ ń ṣe é. Ó ní kí n gbé aṣọ mi padà, òun ò ní àríyá tóun ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ilé náà ti di tèmi, ṣùgbọ́n tiyín ni yàrá yẹn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ó ní ohun tóun fẹ́, ojú mi rí i, kóun tó tún sọ ọ́ ni?

Mo wá ní, "Aṣọ tí ẹ ń ya lọ́sàn-án ńkọ́? Ẹ bá mi dáwọ́ rẹ̀ dúró."

 Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ bàbá òun láti ọjọ́ yìí, òun ti gbálẹ̀ ibẹ̀ títí òun fi darúgbó, òun ò gbọ́ nǹkan kan rí. Àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti ẹ̀yìn odi.

"Èmi kì í ya aṣọ. Ṣebí ìwọ lo ń ta aṣọ? Mo rò pé ìwọ ni."

Àlàrùbá, 23

Mo yọ ọ́. Mi ò pe Fáìsàlì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé òòlù, mo fọ́ kàró, mo hú wésé, mo da iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sí i, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ga bó ṣe wà. Ọwọ́ mi bó. Nígbà tí mo jáde, Fáìsàlì ti wà lójúde, ó ń wo ìjókòó funfun nínú oòrùn. Kí ìrun Àsàrì tó tó, Mùzàmmílù ti pè mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo ra sàréè alájà méjì.

Àlàmísì, 24

Kọ̀mísà wá! Ó gun alùpùpù sémì wá, abọ́ oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀. Ọjà ti sọ fún un kí èmi tó sọ. Kò bi mí léèrè. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí Bàbá káàsán. Ó wá ní, "Bí ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, a lè jọ gbé. Ẹni tí a ń díbọ́n pé kò sí ni mi ò lè bá gbé."

À ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ìró náà dún. Fààààà — fàà. Òkèlè wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi kejì wà lórí itan. Kọ̀mísà wo ọwọ́ mi méjèèjì. 

Àtìní, 28

A ti kó ẹrù dé. Ìyá Àràmọ́tù ò lè dìde wá gbálẹ̀ mọ́. Kọ̀mísà ló ń gbá a.

Jímọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Ìyá Àràmọ́tù kú láfẹ̀mọ́júmọ́.

Ọmọ rẹ̀ láti Ṣábẹ̀ bẹ̀ mí kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Mo ní ẹ gbé e wá. Mo lọ sí ìsọ̀, mo mú pàkálì funfun tó dáa jù. Mo ní mi ò gba nǹkan kan. Mo ní èmi ni màá ya á.

Àwọn obìnrin wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá. Èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí. Ọ̀sán ti pọ́n. Mo wọn aṣọ náà. Kò gùn, torí ìyá náà kéré. Mo fi eyín ṣí etí rẹ̀, mo fà á.

Fààààà.

Ó dúró. Kókó wà nínú òwú.

Ìró tí mo gbọ́ lọ́jọ́sí ni, mo mọ̀ ọ́n kí n tó tún fà á.  Kọ̀mísà yọjú láti inú yàrá, ó ń wò mí, òun náà ti mọ̀. Àwọn obìnrin ń dúró de aṣọ. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi agbára já a.

Fàà.

Ìyá náà ní òun rò pé èmi ni. Èmi ni.