Ẹni Tí A Fi Ń Wọn Ìrìn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ìyàwó tún tiro lónìí. Ìyẹn ògòǹgò tó wà lágbàlá yàrá ìwádìí wa — èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí ìgbéraga ẹ̀. Ó gba orí pátákó ìwọ̀n kọjá, kọ̀ǹpútà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò tẹ ilẹ̀ tó. Oṣù méjì ni dókítà ẹran ti ń fi oògùn ra ẹsẹ̀ yẹn. Ó lóun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti sú Ìyàwó náà, ó ta dókítà nípàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kọ̀ǹpútà ní Bàbá Àgbà náà ń tiro. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà! Orúkọ tá a sọ ẹyẹ kan tí ìran rẹ̀ ti parun tipẹ́tipẹ́ nìyẹn; ipasẹ̀ mọ́kànlá péré ló fi sílẹ̀ lára òkúta, òun la fi ń wọn ìrìn ẹ̀. Inú Ọ̀gá wa ń dùn ṣìnkìn: ẹyẹ tó fara pa tó ṣì ń rìn lọ, ìwé wa á gbayì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló fẹ́ fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọdún méjì mi nìyẹn. Àmọ́ ẹyẹ ìsinsìnyí, ẹyẹ láéláé, àrùn ẹsẹ̀ kan náà? Ó rú mi lójú.

Ọjọ́bọ̀, 6
Oníwáyà tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe wá yẹ pátákó wò. Òun fúnra ẹ̀ rìn lórí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ó ń tiro. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ kan fò. Ó wá béèrè pé ìrìn ta ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn tàwọn yòókù. Mo ní tèmi ni. Ọ̀dọ̀ èèyàn la ti bẹ̀rẹ̀ — ẹlẹ́sẹ̀ méjì làwa àti ẹyẹ — èmi ni mo sì tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá pe fáìlì ìrìn mi ní Ẹni Tó Ń Rìn Dáadáa. Oníwáyà ní kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀. Ó wò mí títí.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ń tiro, kì í ṣe ẹyẹ."

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Èmi kẹ̀? Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́ — n ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Bí atiro bá di òṣùwọ̀n, ẹni tó ń rìn dáadáa ló máa dà bí atiro.

Ọjọ́ Ajé, 10
Dókítà ilé ìwòsàn ya fọ́tò egungun mi, láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba. Síbẹ̀, ó ní mo ń gbé ara kúrò lórí tòsì. Àṣà lásán ni, ó ní, eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á tún un ṣe. Kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Àṣà ta ni? Bí wọ́n bá hú egungun mi lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á búra pé mo rìn gaara. Kí wá lèmi náà mọ̀ nípa Bàbá Àgbà?
N ò tíì sọ fún Ọ̀gá. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ ọdún méjì dòfo. Bí n ò bá sọ ọ́, irọ́ la fẹ́ tẹ̀ jáde. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, 12
Ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ni mò ń wò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo ní kí Màámi wá wo Ìyàwó níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ọrùn ẹ̀ gùn bíi ti àbúrò àwọn. Mo dọ́gbọ́n mú wọn gba orí pátákó. Kọ̀ǹpútà ò rí àléébù kankan! Ìrìn wọn bá tèmi mu délẹ̀délẹ̀: òsì fúyẹ́, ọ̀tún wúwo. Mo bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọ́n ní kò dun àwọn rí. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn.

"Bàbá ẹ ni wọ́n ń tiro. Tí mi ò bá bá wọn tiro, èjìká wa á máa kọlu ara wọn. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì ń ṣe é."

Bàbá mi ti kú kí n tó dìde rìn. N ò rí ìrìn wọn rí. Ẹ̀yìn Màámi ni mo ti kọ́ tèmi. Mo sunkún níwájú Ìyàwó.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo sọ fún Ọ̀gá kó tó fi ìwé ránṣẹ́. Kò bínú, ìyẹn ló tún dùn mí jù. A fi ìrìn Oníwáyà tún gbogbo ìṣirò ṣe. Ìyàwó ò tiro. Bàbá Àgbà ò tiro, ó kàn ń rìn lọ jẹ́jẹ́ ni. Kò sí ìwé mọ́.
Ọ̀gá ní kí n pa fáìlì mi rẹ́, kò wúlò mọ́. Ọwọ́ mi pẹ́ lórí bọ́tìnnì. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni mo pa rẹ́. Mo kọ Ìrìn Bàbá Mi síbẹ̀, mo gbé e pamọ́.
Aago mẹ́wàá ni dókítà ń retí mi fún eré ìdárayá. N ò lọ.