Adágún Tí Ìyá Rẹ Ń Gun Òkè Lọ Bá

Nirdesh ọmọ mi,

Mo kí ọ ní Qatar, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Ara mi le. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.

Ìyá rẹ tún ti gba ààwẹ̀ gun òkè lọ sí adágún Gosaikunda, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò máa wẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún títí o fi máa dé. Lọ́dún tó kọjá, òyì kọ́ ọ lókè, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Àlùfáà ní òrìṣà ló ń pè é. Àlùfáà náà alára kò débẹ̀ rí.

Mo ní, "Ìyá Nirdesh, jọ̀wọ́, jókòó."

Ó ní, "Tíṣà, èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín."

Ogójì ọdún ni mo fi pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò lè dá ìyàwó mi dúró.

Mahadev, òrìṣà adágún náà, á la ọ̀nà fún ọ. Jọ̀wọ́, máa bọ̀ nílé, kí ìyá rẹ lè jókòó.

Bàbá rẹ.