Gègé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Fún Onígbàjámọ̀

                                        Ilé Alájà Méjì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ojúgbà mi láti ìgbà àìní,

Ṣé dáadáa ni o wà? Aya rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ tó ń fi irùngbọ̀n rẹ ṣeré? Tiwa náà ò burú. Ara mi le koko bí irin, eyín mi pé. Bí o bá rí àbàwọ́n tàdáwà lókè ìwé yìí, má sọ pé ogbó ti dé o. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, inú ló ń bí mi. Mo ti sọ ọ́ di ẹyẹ, wò ó dáadáa.

Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, torí ìwọ lo mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, tí a jọ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé. Ìṣojú rẹ ni mo ti ṣa gègé tí ọ̀gá sọ nù sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, tí mo fi òkúta lọ ẹnu rẹ̀ títí tó fi mú. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìléláàádọ́ta gbáko, kò sí ọjọ́ tí n kò fi gègé ya nǹkan. Mo ya ilé, mo ya afárá. Nígbà tí mo dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tèmi sílẹ̀, mo ya àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi débi pé èèyàn lè ka nọ́ọ̀tù irin ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kì í fi pẹ́ńsùlù yà á ṣáájú. Ojo ló ń wá ibi tí yóò sá sí. Tàdáwà kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ìlà tó bá ṣì, wá iṣẹ́ fún un. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, àwọn tó jáde yunifásítì sì ń wá wo ọwọ́ mi.

Wàyí o, ṣé o rántí Onígbàjámọ̀, ẹni tó ti ń gẹ irun mi láti ogójì ọdún? Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ń ya àga rẹ̀ bí mo ṣe ń dúró kó kàn mí, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí mà wù mí o." Èmi ọ̀làwọ́, mo kiwọ́ bọ àpò, mo fún un ní gègé kan àti ìgò tàdáwà. Mo tún kọ́ ọ ní òfin mi. Afọwọ́fà ni!

Lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ilé ìkàwé kéde pé kí gbogbo ẹni tó ń fi gègé yàwòrán mú ẹyọ kan wá. Èyí tó bá gbayì jù ni wọn yóò gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà títí ayé. Ògiri yẹn ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ya ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ àwòrán, mo wọ aṣọ funfun, ìyàwó mi tẹ̀lé mi, mo rìn wọlé bí ẹni tó ti gba nǹkan náà tán.

Kò sí ẹyọ ẹnìkan níwájú ẹ̀rọ mi. Gbogbo èrò ti dì mọ́ àwòrán kan ní igun. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ní, "Ti Onígbàjámọ̀ ni, Bàbá. Ẹ wá wò ó, ẹ máa gbádùn ẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ, mo jowú débi pé itọ́ ẹnu mi korò.

Ẹ̀yìn orí ọkùnrin kan ni. Kò tilẹ̀ ya ojú! Àmọ́ irun yẹn, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó lọ́ bó ṣe ń lọ́ lórí èèyàn. Gbogbo irun tí èmi bá yà, kànrìnkàn ni. Mo gbọ́dọ̀ wá àléébù. Mo gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́:

"Irú orí wo rèé? Ó wọ́ sápá kan bí ìbẹ́pẹ tí wọ́n jókòó lé! Ẹ wo etí bó ṣe ká kò. Àpá wo tún nìyí, tó rí bí alángbá tó ń gun ògiri? Kò sẹ́ni tó ní irú orí yìí láyé!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyàwó mi fà mí lápá: "Bàbá wọn, ẹ rọra. Orí yín ni."

"Orí ta ni?"

"Orí yín. Ṣebí èmi ni mo ń jí rí i lórí ìrọ̀rí."

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn orí mi níwájú gbogbo ayé. Ọwọ́ mi bá alángbá náà. O rántí ọjọ́ tí dúrọ́ọ̀ irin já lù mí ní ọ́fíìsì, tí o fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ di orí mi? Mo ti gbàgbé pátápátá. Onígbàjámọ̀ kò gbàgbé. Láti ogójì ọdún ló ti ń fi irun díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láti bò ó fún mi, kò sì sọ ọ́ rí.

Ó sún mọ́ mi, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ ya àpá yẹn tẹ́lẹ̀. Tàdáwà ló kán síbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá iṣẹ́ fún un."

Òfin mi ni wọ́n fi mú mi.

Orí mi ni wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, orúkọ Onígbàjámọ̀ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì nídìí gègé! Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rèé tí n kò gẹ irun. Ìyàwó mi ní orí mi ti di pápá. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo máa ń wo òdìkejì, síbẹ̀ yóò dìde kí mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ́ lọ wo irun yẹn, kí n lè mọ ibi tó ti ń gbé ọwọ́ kúrò.

Lánàá, mo ní mo máa gbẹ̀san. Mo jókòó láti ya ojú tirẹ̀ láìsí òun níwájú mi. Mo ki gègé bọ tàdáwà, ọwọ́ mi sì dúró sójú kan. N kò mọ̀ bóyá ó ní irùngbọ̀n. Ogójì ọdún ló fi dúró lẹ́yìn mi nínú dígí, ara mi ni mo ń wò.

Lọ́la, mo ń lọ gẹ irun. N kò lọ tọrọ àforíjì o, má ṣì mí gbọ́. Mo ń lọ wo ojú rẹ̀ ni.

Bá mi kí aya rẹ, kí o sì bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ ọmọ lórí. Wo ẹ̀yìn orí wọn dáadáa.

Ọ̀rẹ́ rẹ títí irun yóò fi tán lórí wa,

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n.