Ìbọ̀wọ́ tí Ìyá Rẹ Rán

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí o fi jáde nílé ṣìnà. Àlàáfíà ni a wà níbí, òrùlé kò jò mọ́, ajá wa ti bímọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì ń sùn sínú èérún pákó lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o fìdí rẹmi nínú ìdánwò yín, torí pé o gbàgbé láti mú ọwọ́ ẹni tí o ń yẹ̀ wò gbóná kí o tó fi iná kékeré tí ẹ fi ń wọn bí iṣan ṣe ń yára sí i, ni ẹ̀rọ bá sọ pé iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín, àṣé òtútù lásán ni. O ní àtúnṣe ìdánwò náà wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí kálukú mú ẹni tí yóò yẹ̀ wò wá, ṣùgbọ́n ìwọ ti ń di ẹrù bọ̀ wálé. Tú ẹrù yẹn. Èmi ni mò ń bọ̀.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n béèrè bóyá irin kankan wà nínú ara mi. Mo kọ ọ́ pé ìṣó kan wọ àtàǹpàkò mi lọ́dún tí a bí ọ, wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè búra fún ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n ní kí n má fi ìpara pa ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ti dé ni mi ò ti fi nǹkan kan pa á, ó ti le débi pé mo fi ń dán pákó.

Kí iṣan mi má bàa dójú tì ọ́, mo ń kọ́ iṣan náà níṣẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá etí tábìlì, á sì ta yìì dé ìka tó kéré jù. Ó ti ń yára sí i. Oníná tó ń tún wáyà wa ṣe ní iná ti gbé òun nígbà mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó fún òun ní ìwé ẹ̀rí. Mo ní òun ń gba iná, ọmọ tèmi ń kà á.

Bí mo bá jókòó síwájú rẹ, má bu iná kù torí pé mo bí ọ. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, mi ò ní mira, èyí tó ti wọlé á dúró de ìyókù ní ìgbọ̀nwọ́.

Mo mọ̀ pé torí ìyá rẹ lo ṣe yan iṣẹ́ yìí. Aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, tó wá ń sọ abẹ́rẹ́ nù. A ní àgbà ló dé. Ó sọ fún mi pé, “Bàbá ọmọ mi, mo ń rí abẹ́rẹ́ náà o, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ pé òun mú un.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì há mi lọ́fun.

Ìbọ̀wọ́ tó rán fún mi kẹ́yìn, tí mi ò wọ̀ rí torí pé ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, òun ni n óò wọ̀ láti ìdí ọkọ̀ títí dé iwájú rẹ. Owó àlọ wà lọ́wọ́ mi, ti àbọ̀ ni kí o wá dè mí, kí o sì fi owó ìpara kún un.

Nígbà tí mo bá bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ọwọ́ mi á ti gbóná. Síbẹ̀, kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ kàn án kó dá ọ lójú. O máa yege. Kí gbogbo ẹni tí abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ọ lọ bá, kí o sì gbà wọ́n gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.