Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Dídùn Pàdánù Dìsípẹ́ńsárì

Ìletò wa, lẹ́bàá Igbotako,
Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Ìkórè, 1971.

Morìnsọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí gbogbo ẹni tó ń fi ojú rere wò ọ́ ní Ìbàdàn. Ara wa le níbí, àfi orúnkún ìyá rẹ, tó máa ń sọ fún un pé òjò ń bọ̀, tí kì í sì í parọ́. Ọlọ́run tó gbé ọ dé orí àga tí o jókòó sí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga náà ṣẹ́. Ṣé pupuru tí a fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ rẹ, àbí awakọ̀ fi jẹun lọ́nà?

Ní ti ìwádìí tí o ní ẹ ṣì ń ṣe ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ Àjíṣafẹ́ aládùúgbò wa sọnù, kò pẹ́ tí ọlọ́pàá Òkìtìpupa fi wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí awọ rẹ̀. Kí wá ni nǹkan ńlá tó sọnù lọ́dọ̀ yín, tí odidi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá láti ọdún dé ọdún? Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì wa gbààwẹ̀ sí i, ó ní òun rí ọkùnrin pupa kan. Bí ọkùnrin pupa bá wà láàárín yín, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ mú kálámù. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ohun tí mo ṣe láti ẹnu èmi fúnra mi, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ, nítorí tirẹ̀ á gùn ju tèmi lọ.

O rántí pé nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, mo bi ọ́ léèrè iṣẹ́ rẹ gan-an. O ní dókítà ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ti oògùn, pé ò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé tí aráyé á fi gbà wọ́n gbọ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn wa, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín. Àjíṣafẹ́ ní ẹni tó bá ti hu irùngbọ̀n tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ilé ìwé. Ó dùn mí, mo ní wọ́n á rí i. Gbogbo ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà ni mo fi sórí bíi Sáàmù: pé kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ irú ẹni tí òun jẹ́, kí ó wá fi ọ̀rọ̀ kàn wọ́n lọ́kàn, lẹ́yìn náà kí ó sọ ìdí rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kánsù ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kọ́ dìsípẹ́ńsárì kan, bóyá lọ́dọ̀ wa níbí, bóyá lọ́dọ̀ àwọn ará òdìkejì odò, àti pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Òkìtìpupa wá gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Aníwúrà, ìyàwó ọmọ Àjíṣafẹ́, ojú ọ̀nà ló bímọ sí nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí Òkìtìpupa, ọmọ náà ò sì dúró. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọ mi ń kọ́ni lọ́rọ̀, èmi ni kí n lọ sọ̀rọ̀. Mi ò kọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá yan ẹlòmíràn, ara mi ì bá má yá.

Ọ̀gá náà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì, a fi í jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mákánjúọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ará òdìkejì odò. Ó dìde, ó wúkọ́, ó ní ọ̀gá, àwọn ènìyàn wa ń kú, ó tún wúkọ́, ó bá jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní nínú ara mi pé ẹ wo ẹni tí kò ní ọmọ ní yunifásítì.

Èmi náà dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ẹni tí a jẹ́. Mo ní a kì í ṣe ọ̀lẹ, pé bàbá mi ń ru epo lọ sí etí omi nígbà tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, pé àwọn obìnrin wa á parí ebè wọn kí wọ́n tó bímọ, wọ́n á sì ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ wálé, pé ibà gan-an, bí ó bá pàdé wa lọ́nà, á kí wa, á kọjá. Àwọn ènìyàn wa ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì gun orí mi. Ni mo bá ní ọmọ tí mo bí nínú ara mi, dókítà ni ní yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀gá gbójú sókè, ó bi mí bóyá ó máa ń wálé. Mo ní gbogbo ìsinmi ni. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ló dùn mọ́ ọn tó fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo wá mú irú ìbéèrè tí o ní a kì í retí ìdáhùn sí. Mo ké pé kí ló kù tí a ò ní níbí? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé kò sí, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Ọ̀gá dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn báyìí rí. Mi ò tíì fi ọ̀rọ̀ kan ẹnikẹ́ni lọ́kàn, mi ò tíì sọ ìdí kankan, mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ Aníwúrà.

Ìwé kánsù dé. Ó ní ara àwọn ènìyàn wa le, a sì ní dókítà tiwa, nítorí náà òdìkejì odò ni wọ́n máa kọ́ ọ sí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí ènìyàn, ààbọ̀ ni wọ́n ń dá padà. Ìyá rẹ ò bá mi jà, ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbé omi fún mi, á ní Olùkọ́ Ọ̀rọ̀, omi rẹ rèé. Èyí tó dùn mí jù ni ti Aníwúrà. Ó ti tún lóyún, ó ń kọjá níwájú ilé, ó sì kúnlẹ̀ kí mi bí ó ti máa ń ṣe. 

Àfi bí Mákánjúọlá ṣe yà sí ilé mi lẹ́yìn ìsìn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ilé náà ti parí, nọ́ọ̀sì ti dé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá ṣí i, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láàárín àwọn. Ó ní ẹ̀rù ló máa ń mú òun wúkọ́ bí òun bá rí ojú ènìyàn. Ṣé mo lè wá bá àwọn sọ ọ́? Mi ò ní parọ́ fún ọ, fìlà tí n ó dé ni mo kọ́kọ́ rò. Ìgbà náà ni mo rí Aníwúrà níta, tó ń sá ẹ̀gẹ́. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo ní n ó wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe lé aboyún wa kankan padà bí ó bá sọdá odò wá.  Mákánjúọlá ní ta ló fẹ́ lé wọn? Ó ní àwọn ti ń retí wa láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dé, pé àwọn rò pé inú ń bí wa ni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó lọ béèrè, Morìnsọ́lá. Èmi ni gbogbo wọn ń bínú sí.

Ní ọjọ́ kejì, Àjíṣafẹ́ fi ọkọ̀ gbé Aníwúrà sọdá. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà ń yí dáadáa nínú. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá rẹ gbé oúnjẹ síwájú mi, orúkọ mi ló sì pè.

Ní báyìí, bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ níbi ṣíṣí ilé náà, kí ó kúrú, kí orúkọ mi má sì sí nínú rẹ̀. Fi owó fìlà sí i, àti díẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ ojú omi. Bí o bá ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, mú oògùn dání, nítorí àwọn ènìyàn ń dúró dè ọ́. Mo ti ṣàlàyé pé dókítà ọ̀rọ̀ ni ọ́, wọ́n ní kò burú, kí o sọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n.

Ẹnu rẹ kò ní ṣì sọ. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ kọ, ire ni aráyé á kà níbẹ̀. Àwọn tí ò ń kọ́ á gbọ́ ọ ju bí èmi ṣe gbọ́ ọ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jethro Ọláìtán.