Yarema, Wọ́n Ti Wá Gbé Ayẹta Rẹ Lọ

Ọdún kejì rèé, Yarema, tí o ti fi èmi àti ẹnu mi nìkan sílẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń sọ fún mi mọ́ pé kí n pa á dé. Ọdún kejì rèé tí a ń bu ọtí sínú ife rẹ lórí tábìlì, tí a ń fi búrẹ́dì dúdú bò ó lójú, tí kò sẹ́ni tó ń mu ún. Èmi Levko, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mò ń sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé èmi àti ìwé ò bára wa rẹ́ rí, Zlata ìyàwó rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti ń fojú burúkú wò mí kí n tó débì kan.

Myrosya ọmọ rẹ ti ń sáré. Imú rẹ ló mú wáyé, ká ṣáà máa bá a gbàdúrà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì wa ò tì. Gbogbo Kyiv ló ń gbé mọ́tò wá bá mi. Zlata ní kí n tún un sọ. Ó dáa, gbogbo Obolon ni. Ó dáa, àdúgbò wa ni. Alùpùpù rẹ náà ń bẹ, mo ti tún un ṣe débi pé nígbà tí mo fi gba orí afárá odò Dnipro lọ́jọ́sí, èéfín mi nìkan ni àwọn ọlọ́pàá rí.

Ṣùgbọ́n Yarema, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti dà mí lórí rú. Ká ní o wà láàyè ni, ìwọ lò bá là á yé mi.

O rántí ẹ̀wù ayẹta tí wọ́n pín fún yín lójú ogun. Ọjọ́ tí a sin ọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún wa pé irin tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irin gidi, pé nígbà tí ọta ìbọn bà ọ́, bí bisikíìtì ló ṣe rún. Màámi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn olùwádìí tó ń mú àwọn ọ̀gá tó ń jẹ owó ìlú. Àwọn yẹn gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹni tó ta ayẹta yẹn fún àwọn ọmọ ogun. Ibi tó ti ń dùn ni àwọn aṣòfin ti gbé òfin kan jáde tó de àwọn olùwádìí náà lọ́wọ́. Kí wọ́n tó lè mú ọ̀gá kan, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá mìíràn. Ẹjọ́ rẹ bá sùn.

Màámi gé páálí, wọ́n kọ orúkọ rẹ sí i gàdàgbà, ó di gbàgede. Èmi ni mo ṣáájú èrò lọ́jọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń tẹ̀ lé mi. Zlata ní irọ́ ni, ó ní báàgì Màámi ni mo bá wọn gbé dání, tí mo ń jẹ èso súnfláwà inú rẹ̀. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́.

Ibẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tì wá lẹ́yìn nínú ogun yìí ti fẹnu kò. Gbogbo aṣojú wọn lọ bá ìjọba wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọ́n sì ń sọ: ẹ tú ọwọ́ àwọn olùwádìí sílẹ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrànwọ́ yóò falẹ̀. Yarema, ṣé ọ̀rẹ́ nìyẹn àbí ọ̀gá? Bàámi ní ẹni tó bá wa pa iná ilé ò gbọdọ̀ máa bi wá pé ta ni ò gbálẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bohuslav tó ń gbé lókè ilé wa ní ẹni tó ń báni pọnmi pa iná lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé korobá ẹni ń jò. Mo ti gbà fún Bàámi láàárọ̀, mo sì gbà fún Bohuslav lọ́sàn-án. Títí di òní mi ò mọ ẹni tí mo gbà fún.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú náà wá kí wa nílé, ìyá kan tó ga, irun rẹ̀ ti funfun, ògbufọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé màá fọ́ ọ̀rọ̀ sí i létí. Nígbà tó fi èdè wa kí mi, ẹ káàbọ̀ nìkan ni mo sọ, lẹ́ẹ̀mejì. Òdòdó funfun ló kó lé Màámi lọ́wọ́. Mẹ́wàá ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: iye òdòdó tí a ń fún alààyè kì í pín sí méjì dọ́gba, ti òkú ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ojú Bàámi yí padà. Wọ́n bi ògbufọ̀ bóyá ìyàwó àwọn ni àlejò yìí wá sin. Ojú ògbufọ̀ pọ́n bíi bíìtì inú ọbẹ̀ pupa wa. Àmọ́ Màámi rọra ka òdòdó náà, wọ́n fi sínú omi nídìí àwòrán rẹ, wọ́n ní àlejò ò ṣì í, ẹni tó wá kí ló kí.

Obìnrin náà wá bi Màámi pé kí ni kí àwọn ṣe.

"Ẹ bá wọn wí títí ilẹ̀ á fi ṣú," Màámi ní, "ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbọn àwọn ọmọ tó wà lójú ogun bá wọn wí. Tó bá jẹ́ ìbọn lẹ máa dá dúró kí ẹjọ́ ọmọ mi tó lè jí, ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ ọmọ mi máa sùn."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Àlejò náà di Màámi lọ́wọ́ mú.

Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn aṣòfin yí òfin náà padà. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ilé wa ló ṣe é. Ká sòótọ́, mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Ṣé páálí Màámi ni? Ṣé àwọn àlejò ni? Àbí ojú ló ti àwọn aṣòfin? Bàámi ń yọ̀ pé òfin náà ti lọ, wọ́n ń bínú pé àlejò ló bá wa lé e lọ, orí àga kan náà ni wọ́n sì jókòó sí tí wọ́n fi ṣe méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni olùwádìí kan dé ilé wa. Ọmọbìnrin ni, ó níwà. Ó ní ẹjọ́ rẹ ti jí, ó ní ayẹta rẹ lòun wá gbà, pé láìsí i kò sí ẹ̀rí. Ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Zlata ló ti wà látìgbà tí wọ́n ti gbé e wálé. Myrosya máa ń kí i láàárọ̀. Màámi tó ti rìn tó ti pariwo nítorí ọjọ́ yìí, àwọn náà ló di ọrùn ayẹta náà mú tí wọn ò lè fi sílẹ̀. Mo wá àwàdà kan, n ò rí.

Màámi bá gbé e wọ̀. Ó rọ̀ dé itan wọn. Wọ́n so okùn rẹ̀ lọ́tùn-ún, wọ́n so ó lósì, wọ́n jókòó sínú rẹ̀ lórí ibùsùn rẹ, olùwádìí kọjú sí fèrèsé. Ìgbà tó yá, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ká a bí ẹní ká aṣọ ọmọ, wọ́n gbé e fún un.

Ṣé a borí ni, Yarema? Àbí wọ́n tún gba ohun kan lọ́wọ́ wa ni? Mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá fi ẹni tó ta ayẹta yẹn sẹ́wọ̀n lọ́la, ìwọ náà la ṣì máa máa retí lẹ́nu ọ̀nà.

A nífẹ̀ẹ́ rẹ. Èmi gan-an jù wọ́n lọ. Zlata ní irọ́ ni, ó ní òun ni.

Màámi, Bàámi, Zlata, Myrosya, àti èmi Levko.