Mẹ́kà Kúbúrá Ló Dí Ọ Lẹ́nu

Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọjọ́ Jímọ̀

Luqman ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o. Ojú tó o fi ń ka ìwé yìí kò ní fọ́, Èkó kò sì ní mú ọ gbàgbé ẹni tó bí ọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ìwé kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo kà kò tíì tán lára mi.

Kọ̀ǹpútà tó o fi ránṣẹ́, èyí tó o ní Línọ́ọ̀sì ló ń darí rẹ̀, ń gbé ojú rẹ wá bá mi ní gbogbo Jímọ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ojú rẹ dúró gbagidi, o la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja, mo kí ọ títí, o ò dáhùn. Mo bú ọ díẹ̀, má bínú. Mo mú abẹ̀bẹ̀, mo fẹ́ ọ, bóyá ooru ló mú ọ. Ìgbà tí mo fẹ́ fa wáyà yọ ni Ọmọ́títí, ọmọ ilé kejì tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, pariwo pé kí n má fà á, pé kọ̀ǹpútà ò kú, dísìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ló ń dúró dè.

Ó ṣí pátákó dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà, ó ní ká wo ẹni tó ń jẹ dísìkì. Ta ni mo bá lókè téńté? Mẹ́kà! Fídíò Mẹ́kà tí Kúbúrá, ìyàwó tí baba rẹ fẹ́ lé mi, ń dà sínú kọ̀ǹpútà mi láti inú fíláàṣì. Òun ló ń jẹ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ojú ọmọ tí mo fi ìrora bí wá wà lẹ́yìn! Zulaikha ọmọ rẹ̀ gbé e lọ Mẹ́kà, ó di Àlàájà, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣé ó tún yẹ kó gbé gbogbo Mẹ́kà jókòó lé ọ lórí? Ó dà bí ẹni tó gbé garawa ata mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ Nathaniel tó ń lọ ata, tí kò jẹ́ kí èmi alábọ́ kan kọ́kọ́ lọ̀.

Ọmọ́títí bá tẹ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní áyò-náìsì, ó ní òun ti sọ fún Mẹ́kà pé bí ẹlòmíì bá fẹ́ lo dísìkì, kó yà fún un. Lójú mi báyìí, o ṣẹ́jú, o pa ẹnu dé. Luqman! Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn fún Kúbúrá! Mo lọ dúró níwájú rẹ̀, mo pe áyò-náìsì lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà ò yà. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ìwọ náà, nígbà tí ẹnu rẹ ṣí, kí lo kọ́kọ́ sọ? O ní Ìyá Zulaikha ńkọ́. Kúbúrá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Fi owó dísìkì ránṣẹ́, irú èyí tí kì í yí bí ẹ̀rọ ata Nathaniel, Ọmọ́títí ní ó yá jù. Fi ti Kúbúrá sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o, kí Mẹ́kà lè ní ilé tirẹ̀ ni. Bí owó bá ṣẹ́kù, mi ò ní kó o gbé mi lọ Mẹ́kà. Mo kàn ní Zulaikha ò jù ọ́ lọ ni.

Ẹrù yòówù tó bá dúró níwájú rẹ, Ọlọ́run yóò tẹ áyò-náìsì fún un, yóò sì yà. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, èmi ni kó o kọ́kọ́ kí.

Ìyá rẹ,
Abibat, ìyáálé.